Kọ́bọ̀ Kan Nínú Náírà Kọ̀ọ̀kan fún Ọnà Ara Ilé Yunifásítì

Bí yunifásítì bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun mọ́ ilé àtijọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ délẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ni iye owó, iye yàrá àti ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe máa kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọnà kì í sí níbẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá kun ilé tán, tí àlejò pàtàkì ti ń múra àtiwá ṣí i, kí ẹnì kan tó rántí pé iwájú ilé ṣófo. Wọn a sáré pe ẹni tó máa fi sìmẹ́ńtì mọ ère kan láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a kọ orúkọ ẹni tó wá ṣílé sí ìdí rẹ̀ gàdàgbà, orúkọ ẹni tó mọ ère náà ò ní sí níbì kankan. A fẹ́ kí èyí dópin. Nínú náírà kọ̀ọ̀kan tí yunifásítì ìjọba bá fẹ́ ná sórí ilé tó so mọ́ ilé àtijọ́, kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà, kí wọ́n sì yọ ọ́ kí ayàwòrán ilé tó parí àwòrán rẹ̀.

Àwọn yunifásítì wa ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti dé Ilé Ìkàwé Kenneth Dike lọ́sàn-án gangan mọ ògiri oníhò tó yí i ká. Kọnkéré ni, ó ń dínà oòrùn, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Ọnà ni, iṣẹ́ ló sì ń ṣe. Nínú ọgbà yẹn kan náà, ère Jésù tó jíǹde tí Ben Enwonwu fi igi gbẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ti àwọn Kátólíìkì. Fákẹ́yẹ yìí náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Ifẹ̀. Àwọn tó gbé iṣẹ́ wọ̀nyẹn fún wọn mọ ẹni tí wọ́n ń pè, wọ́n sì mọ ibi tí iṣẹ́ náà máa wà.

Kí yunifásítì tó dé ni a ti ń ṣe é láàfin. Nígbà tí Ògògà Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ààfin rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Olówè, gbẹ́nàgbẹ́nà Ìsẹ̀-Èkìtì, ló ránṣẹ́ pè. Òpó ni Olówè gbẹ́, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an. Lórí ọ̀kan nínú wọn, ọba jókòó tòun tadé, ẹyẹ bà lórí adé náà, olorì àgbà sì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ga fíofío ju ọba lọ. Ẹni tó bá wọ ààfin náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ipò obìnrin nínú oyè jíjẹ fún un. Ó dùn wá pé ilé ìkó-ọnà-pamọ́ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, lèèyàn ti máa rí òpó yẹn lónìí. Ilẹ̀kùn tí Olówè gbẹ́ fún ààfin kan náà wà ní British Museum ní London. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley, ní London kan náà, ní 1924, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi pààrọ̀ rẹ̀ fún ọba.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n tètè pe oníṣẹ́ ọnà hàn kedere ní Caracas, olú ìlú Venezuela. Carlos Raúl Villanueva ló ya àwòrán yunifásítì ńlá ibẹ̀, ó sì ti ń bá àwọn oníṣẹ́ ọnà sọ̀rọ̀ nígbà tí ilé ṣì wà lórí ìwé. Alexander Calder, ará Amẹ́ríkà, fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan tí kò ní sí nínú gbọ̀ngàn àpéjọ fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìró ohùn wo bí òrùlé gbọ̀ngàn ọ̀hún ṣe tẹ̀, wọ́n rí i pé ohùn ò ní já gaara níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ Calder wọlé. Ni wọ́n bá so pátákó ńláńlá aláràbarà mọ́ òkè àti ara ògiri. Láti 1953 tí wọ́n ti so ó, òun ló ń bá wọn tún ohùn ṣe, ojú ò sì yé wò ó. UNESCO fi ọgbà yunifásítì náà sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2000. Ká ní wọ́n dúró dìgbà tí ilé parí ni, ohun ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọn ì bá rí gbà lọ́wọ́ Calder, wọn ì bá sì tún wá owó mìíràn tí wọ́n máa fi tún ohùn gbọ̀ngàn ṣe.

Àwọn kan máa ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ò tó, iná ò dúró, owó oṣù olùkọ́ ń falẹ̀, kí ni ti ère? Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n owó tí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, bá gbé kalẹ̀ fún ilé kíkọ́ kò ṣeé fi san owó oṣù. Bí ilé bá máa ná wa ní 500 mílíọ̀nù náírà, mílíọ̀nù márùn-ún ni à ń sọ. Ilẹ̀ Faransé ti ń yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún báyìí láti 1951, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ogun tó sọ ìlú wọn di àlàpà kò tíì parí ju ọdún mẹ́fà lọ. Wọn ò dúró dìgbà tí wọ́n máa lówó.

Kí yunifásítì kéde iṣẹ́ ọnà náà fáyé gbọ́. Kí wọ́n mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn tó bá kọ̀wé, kí wọ́n sì sanwó àwòrán ìpìlẹ̀ fún wọn, nítorí òfò ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ jẹ́ fún ọ̀dọ́ tó ń fi ọnà jẹun. Kí olùkọ́ ẹ̀ka ọnà, akẹ́kọ̀ọ́, ayàwòrán ilé àti ará àdúgbò jọ yàn. Ẹni tó dáwó kò gbọdọ̀ bá wọn dá sí i. Kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má tún fi sìmẹ́ńtì da orí idẹ Ifẹ̀ kọ mọ́. Ẹni tó dá ti àkọ́kọ́ kò da ti ẹnikẹ́ni kọ.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló ká wa lára jù. Bí àwọn aṣàbẹ̀wò NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, bá ń bọ̀, tí wọ́n ń kun gbogbo ọgbà, ọ̀dà funfun kò mọ ògiri lásán yàtọ̀ sí ògiri ọlọ́nà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ àtinúdá (Copyright Act) ti 2022 fún oníṣẹ́ ọnà lágbára láti kọ̀ kí wọ́n ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́; kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ̀ka tó ń tún ilé ṣe ní ẹ̀dà tiwọn lọ́wọ́. Kí wọ́n pín owó ọnà náà sọ́nà márùn-ún, kí wọ́n fi ìdá kan pamọ́ fún igi tí ikán bá dé ibẹ̀ àti òkúta tó bá já. TETFund lè bẹ̀rẹ̀ èyí láìdúró de òfin tuntun: nínú fọ́ọ̀mù tí yunifásítì fi ń béèrè owó ilé, kí wọ́n máa béèrè orúkọ oníṣẹ́ ọnà bí wọ́n ṣe ń béèrè orúkọ ayàwòrán ilé.