Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún àròkọ rẹ̀ kọ

Èrò ọkàn mi rèé lórí kọ́ọ̀sì èdè òyìnbó tí yunifásítì máa ń sọ di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́, èyí tó kó gírámà, àròkọ kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ pọ̀. Kì í ṣe kọ́ọ̀sì yẹpẹrẹ lójú mi rárá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ló ń dùn mí. Olùkọ́ á to òfin sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, ìdánwò á dé, wọ́n á mú A, B, C tàbí D, ó parí. Ọmọ náà á gba máàkì tó dáa, síbẹ̀ kò tíì jókòó kọ ojú ìwé mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ so mọ́ra rí. Ó di ọdún tó máa jáde, nígbà tí wọ́n bá ní kó kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀, kó tó mọ̀ pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1963, Braddock, Lloyd-Jones àti Schoer kó ìwádìí tí àwọn èèyàn ti ṣe lórí àròkọ kíkọ jọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi bò pé kíkọ́ gírámà lọ́tọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìkọ̀wé akẹ́kọ̀ọ́ láǹfààní kankan. Wọ́n ní ó tilẹ̀ lè ṣàkóbá, torí àkókò tó yẹ kí ọmọ fi kọ̀wé ló ń jẹ. Lọ́dún 2007, Graham àti Perin tún ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ọmọ tí ò tíì dé yunifásítì. Ohun tó ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ jù ni kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣètò èrò, bí a ṣe ń kọ ọ́, bí a ṣe ń padà tún un ṣe. Kíkọ́ gírámà lọ́tọ̀ ló ṣe èyí tó burú jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó dùn sí: nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ so gbólóhùn kéékèèké pọ̀ di gbólóhùn ńlá, ìkọ̀wé wọn sunwọ̀n sí i. Gírámà kọ́ nìyẹn ni? Gírámà ni, àmọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Bírò pupa ńkọ́? Lọ́dún 1996, John Truscott, onímọ̀ nípa bí a ṣe ń kọ́ni ní èdè, sọ pé kí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní èdè àjèjì yéé tún àṣìṣe gírámà ṣe nínú àròkọ, pé kò wúlò, pé ó ń pani lára. Dana Ferris, onímọ̀ bíi tirẹ̀, dá a lóhùn lọ́dún 1999 pé ìdájọ́ náà ti yá jù, pé irú àtúnṣe tí olùkọ́ ṣe àti bó ṣe ṣe é ṣe pàtàkì. Ẹ̀yìn Ferris ni mo wà, síbẹ̀ mo mọ ohun tó ń bí Truscott nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n dá àròkọ rẹ̀ padà pẹ̀lú ìlà pupa ogójì, tí wọn ò sì ní kó tún un kọ, máàkì nìkan ló máa wò. Á ká a, á fi sínú báàgì, ó tán. Tí wọ́n bá ní kó mú un padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí máàkì sì wà lórí àtúnkọ yẹn gan-an, á ka gbogbo ohun tí olùkọ́ kọ sí etí ìwé náà.

Nǹkan tó yẹ kí wọ́n máa kọ́ wọn pọ̀, ó sì dùn ún kọ́. John Swales, onímọ̀ èdè, fi hàn pé ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ ìwádìí sábà máa ń gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta: òǹkọ̀wé á kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì, á tọ́ka sí ibi tí àwọn tó ṣáájú ò tíì dé, á wá sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àpilẹ̀kọ márùn-ún láti inú ẹ̀kọ́ tó wá kọ́, kó máa wá ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Ojú rẹ̀ á là. Á rí i pé ìtọ́kasí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ìdánudúró àti ọdún inú àkámọ́ nìkan. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ìdí nìyẹn tí òǹkọ̀wé fi ń dárúkọ àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ kó tó sọ tirẹ̀.

Bákan náà ni òfin tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ, pé “èmi” tàbí “àwa” ò gbọdọ̀ wọ ìwé ìmọ̀. Watson àti Crick, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lo “àwa” ní gbólóhùn àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ wọn lọ́dún 1953 lórí DNA, ohun inú ara tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ. Wọn ò tilẹ̀ sọ pé àwọn ti rí òdodo, wọ́n ní àwọn fẹ́ dábàá ni. Béèyàn ṣe ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀-atọ́kùn lọ.

Àwọn kan á ní ṣebí akẹ́kọ̀ọ́ ti yege nínú IELTS, ìdánwò èdè òyìnbó fún àwọn tó fẹ́ lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí ló tún kù? Àròkọ kejì nínú ìdánwò yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ 250 ó kéré tán, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ní kéèyàn lò fún un, kò sì sí ìwé kankan tó máa kà kó tó kọ ọ́. Ó wúlò fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Yunifásítì ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó lè ka ìwé mẹ́wàá, kó mọ ibi tí wọ́n ti ta kora, kó sì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ èrò tirẹ̀ jáde.

Mo mọ̀ pé kíláàsì máa ń kún. Olùkọ́ kan ò lè ka ìwé ẹgbẹ̀ta èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dín iye àròkọ kù nígbà náà. Ẹyọ kan péré ní sáà kan, kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kà á fún ara wọn sókè ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹni tó kọ ọ́ ṣàlàyé ibi tí ò bá yé àwọn tó kù. Ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn náà nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá kọ lẹ́ẹ̀kejì ni olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní èdè òyìnbó á kà. Ẹ̀kẹta, kó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ físíìsì, ti ìmọ̀ òfin, ti ìtàn, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ tó tìtorí rẹ̀ wá, kí máàkì tó bá fún un sì wọ inú èsì kọ́ọ̀sì méjèèjì.