GB Kọ́ Ni Agbára Káàdì Graphics, Ẹ Yé Fi Í Ra Láptọ́ọ̀pù Géèmù

Lánàá, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, àbúrò mi pè mí láti Computer Village ní Ìkẹjà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ, àmọ́ mo gbọ́ èyí tó ṣe kókó: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i o! 8GB graphics! Core i7, 16GB RAM, 1TB. Wọ́n ní géèmù GTA á máa sáré lórí ẹ̀ bí nǹkan míì." Mo bi í pé orúkọ káàdì graphics (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán géèmù) wo ló wà lára ẹ̀. Ó ní òun ò rí stíkà kankan níbẹ̀ ju ti Intel lọ. Ara mi gbóná. Mo ní kó má tíì sanwó, kó kọ́kọ́ dá owó yẹn padà sápò.

Kì í ṣe òun ni mò ń bínú sí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tọmọdé tàgbà: káàdì tí GB rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n àyè memory rẹ̀, bá pọ̀ jù ló lágbára jù, 4GB á na 2GB, 8GB á na 4GB, ó parí. Wọ́n tún gbé e dé orí ibi tí a ń kó géèmù sí: ṣebí 1TB (bíi 1,000GB) ju 256GB lọ, kí ló tún kù? Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ti kó àwọn tí kò lówó àfiṣòfò sí gbèsè, mo sì wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ti àbúrò mi. Mo ní kó bẹ ẹni tó ń tà á kó ṣí ibi tó ti rí 8GB yẹn fún un. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ibi tí Windows ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ nípa káàdì ni. Lókè pátápátá, "Total Available Graphics Memory", iye tó wà níwájú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 8,000 MB. Ìyẹn ni wọ́n fi hàn án. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni "Dedicated Video Memory": 128 MB. Nísàlẹ̀ ni "Shared System Memory" wà, èyí tó kó gbogbo ìyókù mọ́ra.

Ìlà kejì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Intel UHD 620 ni graphics tó wà nínú láptọ́ọ̀pù náà, kò sì ní memory tirẹ̀ rárá. Inú RAM, memory tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń pín lò, ló ti ń tọrọ jẹ, kódà 128 MB yẹn, inú RAM ni wọ́n ti gé e. Ohun tí Windows ń sọ kò ju pé tó bá di dandan, òun lè jẹ́ kí graphics lo nǹkan bí ìdajì RAM. 16GB ni RAM, ìdajì rẹ̀ ni 8GB. Tí ẹ bá wá fi RAM kún un kó di 32GB, ìlà òkè yẹn á ka nǹkan bí 16GB. Ṣé a ti wá ra káàdì tuntun nìyẹn? Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán kò yí padà, kódà bíńtín. Ẹni tó bá sì ń pe ìyẹn ní "8GB graphics" fún ọmọ ọlọ́mọ, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀, owó ọmọ náà ló ń jẹ.

Tèmi burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé káàdì gidi ni mo rà. Ní 2017, mo fi oṣù méje kó ₦170,000 jọ, mo sì ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tó ní Nvidia GeForce 940M, 4GB. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí géèmù tí kò ní gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá nígbà yẹn ní GTX 960M, 2GB péré. Gbogbo wa nílé la gbà pé tèmi ló jù, kódà òun fúnra rẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa ra tirẹ̀ kó lè fi owó kún un.

Lálẹ́ Sátidé kan, iná wà, a gbé méjèèjì sórí tábìlì kan náà. A ṣí GTA V, a ṣe settings wọn bákan náà, ìwọ̀n àwòrán 1080p lórí méjèèjì. Tirẹ̀ ń lọ geere láàárín 50 sí 60 FPS (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Tèmi kò kọjá 28, tí mo bá sì ti wa ọkọ̀ wọ àárín ìlú, á já wálẹ̀ sí 20, àwòrán á máa já, bọ́tìnì tí mo tẹ̀ á pẹ́ kó tó dáhùn. A rò pé nǹkan ti bàjẹ́ ni. A pa á, a tún un tàn. A gbé fáànù sídìí rẹ̀. Ibi kan náà ló wà.

Nígbà tó yá ni mo wá wo menu graphics inú GTA V dáadáa. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń fi iye memory tí settings yín máa jẹ hàn. Tèmi kò tíì jẹ ju 1.5GB lọ nínú 4GB. Ẹ gbọ́ mi: 2.5GB ṣófo, wọn kò ṣiṣẹ́ kankan, géèmù sì ń mí hẹlẹ. Mo ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, GPU (ẹ̀rọ inú káàdì) wà ní 100%. Ẹ̀rọ inú káàdì ni kò lè sáré mọ́. Àyè ti pọ̀ jù fún un tẹ́lẹ̀.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyí, kò sì fara sin. 940M ní core (àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ṣírò àwòrán) 384. Memory rẹ̀ jẹ́ DDR3, oríṣi tó lọ́ra, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé jáde níbẹ̀ jẹ́ 64-bit, kò sì lè gbé ju nǹkan bí 16GB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 960M ní core 640, GDDR5, oríṣi tó yára, ni memory rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 128-bit, ó sì ń gbé 80GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlọ́po márùn-ún! Ìyá alásè tó bá gbé ìkòkò òde ìgbéyàwó ka orí sítóòfù kẹrosíìnì, ìkòkò rẹ̀ tóbi lóòótọ́, àmọ́ àlejò á ti lọ sílé kí ìrẹsì tó jinná. Ìkòkò ni GB. Iná ni kò tó lábẹ́ tèmi.

Bí ẹ bá rò pé láptọ́ọ̀pù àlòkù nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tí Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn káàdì yìí, fúnra wọn ti tà fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. RTX 3080 jáde ní September 2020 pẹ̀lú 10GB. RTX 3060 jáde ní February 2021 pẹ̀lú 12GB. Tó bá jẹ́ GB ni agbára, 3060 ló yẹ kó na 3080. Àmọ́ core 3,584 ni 3060 ní, 3080 ní 8,704, ó sì ń gbé 760GB ní ìṣẹ́jú-àáyá níbi tí 3060 ti ń gbé 360GB. Kò sí ẹni tó mọ géèmù tó máa fi 3080 sílẹ̀ gbé 3060 nítorí 2GB tó lé. Owó tí ilé iṣẹ́ náà dá lé 3080 nígbà tó jáde ju ti 3060 lọ dáadáa. Àwọn tó ṣe é mọ èyí tó lágbára.

Èyí tó dùn mí jù ni GT 1030, káàdì Nvidia kan. Orúkọ kan náà, 2GB kan náà, àmọ́ oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tó ní GDDR5 jáde ní 2017, ó ń gbé 48GB ní ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tó ní DDR4 jáde ní 2018, kò gbé ju 16.8GB lọ. Ẹni tó bá ń ka GB nìkan á gbé ti DDR4, á sanwó, á lọ sílé, kò ní mọ̀ láé pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyára memory ti àkọ́kọ́ ló gbé lọ.

Orúkọ káàdì pàápàá kò parí ọ̀rọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. RTX 3060 ti láptọ́ọ̀pù ní 6GB níbi gbogbo, àmọ́ Nvidia gbà kí àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù fún un ní iná láti 60W (wáàtì) dé 115W. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé, tí ṣájà rẹ̀ kéré, kò lè bá èyí tó nípọn tó ní ṣájà bí bíríkì dọ́gba. Ẹ wo ìdí ṣájà, iye W rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ̀gbọ́n àwọn ra 4GB tó ń gbé géèmù dáadáa. Ó dáa, káàdì wo ni? Nígbà tí mo bá bi wọ́n, GTX 1650 ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ìyẹn ní core 1,024 lórí láptọ́ọ̀pù, ó sì ń gbé 128GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. 4GB òun àti 4GB tèmi, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju nọ́ńbà lọ.

Mo gbà pé ó ní ibi tí GB ti ń jà. Tí memory káàdì bá kún pátá, géèmù á máa gbọ̀n, 4GB sì ti kéré fún àwọn géèmù tuntun tí ẹ bá gbé textures (àwòrán ara nǹkan inú géèmù) sókè. Láàárín káàdì méjì tó dọ́gba nínú ohun gbogbo, ẹ mú èyí tí GB rẹ̀ pọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ibi ìkópamọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 1TB inú láptọ́ọ̀pù tí àbúrò mi rí yẹn, hard disk tó ń yí 5,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan ni. Kó tó rí fáìlì kan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ sún, á dúró de ibi tí fáìlì náà wà kó yí dé. Kò gbé ju nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD kò ní ohun tó ń yí: oníSATA ń gbé tó 550MB, oníNVMe ti PCIe 3.0 tó yára jù ú lọ ń dé 3,500MB. Nígbà tí mo yọ hard disk tèmi, tí mo fi SSD 240GB síbẹ̀, Windows tó ń gbà tó ìṣẹ́jú méjì kó tó là wá ń là kí n tó fa àga jókòó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé SSD á fi FPS kún un o. FPS mi kò yí padà, 20 náà ni láàárín ìlú, ìdúró ló dínkù. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán mọ́: géèmù Starfield tó jáde ní 2023 kọ ọ́ kedere pé dandan ni SSD, ó sì ń béèrè 125GB. 256GB SSD kéré, géèmù ńlá kan tàbí méjì ló máa gbà. Ẹ wo inú láptọ́ọ̀pù bóyá àyè kejì wà, kí ẹ fi hard disk síbẹ̀ fún fíìmù àti orin.

Mo ti kọ ọ̀nà rẹ̀ fún àbúrò mi. Kó gbé GPU-Z àti CrystalDiskInfo, ètò méjì tó ń fi ohun inú kọ̀ǹpútà hàn, sórí flash. GPU-Z kéré, ó ń ṣí láìsí pé a fi sórí kọ̀ǹpútà: kó wo orúkọ káàdì, oríṣi memory, Bus Width (fífẹ̀ ọ̀nà) àti Bandwidth (iye tó ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá). Nínú CrystalDiskInfo, kó wo bóyá NVMe ni tàbí SATA, iye wákàtí tí disk ti ṣiṣẹ́, àti bóyá ó ṣì kọ "Good". Ẹni tó ń tà bá kọ̀ láti jẹ́ kó ki flash bọ̀ ọ́, kó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Ó ní Sátidé lòun máa padà lọ. Ó ti fi fọ́tò GTX 1650 kan ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí, 4GB, 256GB SSD, ó sì ń bi mí bóyá kò kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ.