Ẹ má fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ balùwẹ̀ sílẹ̀ fún onítáìsì

Èrò ọkàn mi nìyí, ẹ̀yin tí a jọ ń ya ilé lórí Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán ilé. Bí a ṣe ń ya ilẹ̀ balùwẹ̀ ní pẹrẹsẹ, tí a wá ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé kí wọ́n darí omi sójú ihò, ó ń dùn mí gan-an.

Lọ́dún tó kọjá, mo wà ní sáìtì kan ní Surulere. Onítáìsì wa, bàbá àgbàlagbà kan, parí balùwẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé omi korobá kan wá. Wọ́n dà á sílẹ̀, gbogbo wa dúró tì í. Omi náà ṣe bí ẹni ń ronú, ó rọra yí padà, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ojú ihò omi lọ́hùn-ún gbẹ táútáú. Bàbá ò bínú, wọ́n kàn bi mí pé, "Ẹ̀njíníà, ibo lẹ yà pé kó gbà?" Mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi. Ilẹ̀ tí mo yà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àwọn kan á ní onítáìsì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa! Àmọ́ kó tó dé, wọ́n ti da dẹ́kìn, páìpù ti wà nínú kankéré, férémù ilẹ̀kùn ti dúró. Kí ló kù tó fẹ́ tún ṣe?

Bákónì ò ní wàhálà, ọ̀nà kan ṣoṣo lomi rẹ̀ ń lọ. Ẹ fa slope arrow kan, ìyẹn ọfà tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ dà sí fún Revit, láti ẹnu ilẹ̀kùn síta, kó máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ti balùwẹ̀ ló yàtọ̀, torí ọ̀nà mẹ́rin lomi ti ń bọ̀. Ẹ má fi slope arrow síbẹ̀ rárá, torí bó bá ti wà lára ilẹ̀ náà, àwọn irinṣẹ́ tí ẹ nílò ò ní yọjú. Ẹ fi Add Point sójú ihò omi, ẹ fi Add Split Line fa ìlà láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi Modify Sub Elements rẹ ojú ihò náà sílẹ̀ ní mìlímítà 20.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àpótí kékeré tí wọ́n kọ Variable sí. Òun ló ń jẹ́ kí ìpele kan nínú ilẹ̀ nípọn níbì kan ju ibòmíì lọ. Ẹ máàkì rẹ̀ fún screed, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tẹ́ sórí dẹ́kìn kí táìsì tó wọlé. Bí ẹ ò bá máàkì rẹ̀, gbogbo dẹ́kìn ló máa tẹ̀ títí dé abẹ́, bẹ́ẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n dà á ní sáìtì. Kí screed náà sì nípọn tó: èyí tó jẹ́ mìlímítà 15 kò ṣeé fà wálẹ̀ ní 20, Revit ò ní gbà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú yíyà á báyìí ni pé ó máa ń tú àṣírí. Ká ní ihò omi fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìnnà sí ògiri kan, ó sì fi 160 jìnnà sí èkejì. Mìlímítà 20 kan náà á di 5 nínú 100 níhìn-ín, á di 1.25 nínú 100 lọ́hùn-ún. Ìyá àgbà tó bá fẹsẹ̀ tutù tẹ ibi tó dà jù yẹn lè yọ̀ ṣubú. Táìsì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 ò sì ṣeé tẹ̀, àfi kí wọ́n gé e tẹ̀ lé gbogbo ìlà yẹn. Ní tèmi, ojú ihò omi gígùn létí ògiri ló sàn, kí ilẹ̀ dà sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tàbí kẹ́ ẹ lo táìsì wẹ́wẹ́. Kí onílé tó lọ ra táìsì ló yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ fún un.

Ní Surulere, a hú táìsì yẹn. Mo tún balùwẹ̀ tó kù yà lóru, mo kọ bí igun kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó síbi tó yẹ. Bàbá gba ìwé náà, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n da omi korobá sínú balùwẹ̀ kejì, kò yà síbì kankan, à ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún lọ nínú páìpù.