Ẹ Yé Fi Gap Tí Kò Lórúkọ Sílẹ̀ Fún Mi

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀yin tí a jọ ń ẹ́dítì fídíò nílùú Ifẹ̀, láti Lágere títí dé Modákẹ́kẹ́, ẹ yé gbé iṣẹ́ àṣekù tó kún fún gap, ìyẹn àyè òfìfo tí kò sí àwòrán nínú rẹ̀, wá bá èèyàn láìkọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi àyè sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fi í sílẹ̀ fún. Kí ló le nínú ìyẹn?

Ẹ wo èyí tí wọ́n gbé fún mi láìpẹ́ yìí. Fídíò ìsìnkú ìyá àgbàlagbà kan ní Ilódè ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ti gba owó, ó ti kọrí sí Èkó, àwọn ọmọ olóògbé sì ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́. Mo ṣí i lórí Final Cut, app Apple tí a fi ń ẹ́dítì fídíò. Orin ìsìn parí, àwọn èèyàn jókòó, bẹ́ẹ̀ ni ojú fídíò ṣókùnkùn. Nínú òkùnkùn yẹn, mo ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń fi oríkì pe màmá, ẹkún ti ń gbọ̀n án lóhùn, a ò sì rí ojú rẹ̀. Mo wo timeline, ìyẹn ìlà tí a ń to fídíò àti ohùn sí: gap gbọọrọ kan ló nà sílẹ̀ níbẹ̀, kò lórúkọ, kò ní àlàyé. Bẹ́ẹ̀ gap tí Final Cut máa ń fún èèyàn tó bá tẹ Option àti W lórí kíbọ́ọ̀dù Mac, ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré ni. Ẹni tó fa tirẹ̀ gùn tó báyẹn mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ta ni obìnrin náà? Kámẹ́rà wo ló yà á? Mo pe ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kò gbé e. Mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, ó kà á, kò fèsì. Nígbà tó wá pè padà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà wá nǹkan kan fi dí i.” Nǹkan kan! Nínú ìsìnkú ìyá oníyàá!

Ẹlòmíì á ní kí n kàn pa gap náà rẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ timeline yẹn. Láti ọdún 2011 tí Apple ti gbé Final Cut Pro X jáde ló ti rí bẹ́ẹ̀: ohun tó bá kúrò lójú ìlà àárín, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún wá síwájú. Gap ló ń dá wọn dúró. Ohun tí wọ́n bá sì so mọ́ gap ọ̀hún, ìbáà ṣe ìlù, ìbáà ṣe àkọlé, á bá a lọ tí ẹ bá tẹ Delete. Ara gap yẹn ni wọ́n so oríkì màmá mọ́. Ká ní mi ò tẹ́tí sí i ńkọ́?

Mi ò bá gap jà o, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n placeholder wà níbẹ̀, àwòrán tó ń di àyè mú títí fídíò gidi yóò fi dé! Ẹ tẹ Option, Command àti W pọ̀, ó wọlé nìyẹn. Ẹ lè sọ fún un bóyá àwòrán ọ̀ọ́kán ni tàbí ti ìtòsí, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀, ọkùnrin ni tàbí obìnrin, inú ilé ni tàbí ìta, á sì ya àwòrán wọn ráńpẹ́ fún yín. Ẹ máàkì View Notes, kí ẹ kọ ọ́: “Àkọ́bí màmá ń ki wọ́n, ó wà nínú káàdì kejì.” Gbólóhùn kan! Bí fídíò gidi bá dé, ẹ wọ́ ọ lé e lórí, ẹ mú Replace from Start, gígùn tí ẹ ti wọ̀n sílẹ̀ kò ní yẹ̀, bí fídíò náà bá ṣáà ti gùn tó o. Bí ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé, àwòrán yẹn á hàn sójú kí iṣẹ́ tó jáde. Òkùnkùn gap ńkọ́? Yíyọ́ ló ń yọ́ wọlé, ẹni tó ń wò ó á rò pé iná ló lọ. Ẹ̀yin tó ń lo Premiere tàbí DaVinci Resolve náà kò ní àwáwí: ẹ tẹ M, kí ẹ kọ̀wé sínú marker, àmì tí yóò fi sórí timeline.

Ẹ̀yin oníbàárà, mi ò yọ yín sílẹ̀. “Ẹ fàyè sílẹ̀, fọ́tò dádì ń bọ̀.” Fọ́tò ò ní dé, ìpè yín ni yóò máa dé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ọlọ́jọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ọọ̀ni ń dé Adé Ààrẹ jáde, tí wọ́n ń lọ sí Òkè Mògún. Ẹnì kan gbé iṣẹ́ ọdún náà wá fún mi, ibi tí kábíyèsí ti yọ gan-an, gap ni, kò sì rántí ẹni tí káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìgbéyàwó, ẹ lè bẹ tọkọtaya kí wọ́n tún dúró ya fọ́tò. Ta ni yóò lọ sọ fún Ọọ̀ni pé kí wọ́n padà wá jáde?

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ àṣekù wá sọ́dọ̀ mi ní Lágere, a ó jọ wo timeline rẹ̀ láti orí dé ìdí. Gap tí kò bá ní àlàyé, kó jókòó kọ ọ́ kó tó dìde. Bí kò bá lè kọ ọ́, kó gbé hard drive rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ lọ bá ẹbí tó gbowó lọ́wọ́ wọn, kó sọ fún wọn pé òun ò mọ ibi tí ojú ẹ̀gbọ́n wọn wà.