Ìjà Ọbàkan Kọ́: Ìṣàkóso Ológun Lórí Ilẹ̀ Palẹsítínì Ní Ọjọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti Palẹsítínì bá ti jáde láàrin wa, yálà lórí àga ìwàásù, nínú mọ́tò tàbí lójú òpó WhatsApp ìdílé, gbólóhùn kan kì í pẹ́ yọjú. Wọ́n á ní ìjà Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì ni, pé inú ilé Ábúráhámù ló ti bẹ̀rẹ̀, àti pé kò sí ọmọ ènìyàn tó lè parí rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí. Àwa tí a mọ ohun tí ìjà orogún lè dá sílẹ̀, tí a sì mọ̀ pé ọbàkan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí iyekan, kí ni yóò ṣòro fún wa láti gbà nínú ìtàn Sárà àti Hágárì? Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba, ìyẹn ìṣàkóso ológun Ísírẹ́lì lórí ilẹ̀ Palẹsítínì, di kádàrá, ẹni tó bá sì ti gbà pé kádàrá ni kò ní bèèrè ẹni tó pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bèèrè ẹni tó lè fagi lé àṣẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìwé tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé wò. Jẹ́nẹ́sísì orí 25 ẹsẹ 9 sọ pé nígbà tí Ábúráhámù kú, Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì jọ sin ín sínú ihò Mákípélà. Ihò náà wà ní ìlú Hébúrónì lórí ilẹ̀ Palẹsítínì, lábẹ́ ilé ńlá kan tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Mọ́sálásí Ibrahim, tí àwọn Júù náà sì kà sí ibojì àwọn baba ńlá wọn. Ohun tó pín ilé yẹn sí méjì lónìí kò sí nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1994, nínú oṣù Ramadan, Júù atẹ̀dó kan, ìyẹn ọmọ Ísírẹ́lì tó wá ń gbé lórí ilẹ̀ tí ológun gbà, gbé ìbọn wọlé, ó sì pa Mùsùlùmí 29 níbi tí wọ́n ti ń kírun òwúrọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Ísírẹ́lì pín ilé náà láàrin ẹ̀sìn méjèèjì, tí àwọn ọmọ ogun sì ń yẹ ara ẹni tó bá fẹ́ wọlé wò. Àdéhùn ọdún 1997 láàrin Ísírẹ́lì àti Palẹsítínì wá pín ìlú fúnra rẹ̀: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣì wà lábẹ́ ológun Ísírẹ́lì, nítorí atẹ̀dó ọgọ́rùn-ún mélòó kan tó ń gbé láàrin ará Palẹsítínì tó lé ní 30,000. Àwọn ọmọ Ábúráhámù méjèèjì pàdé níbi òkú bàbá wọn láì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe mìíràn tó máa ń bá èyí rìn ni ti àwọn tó gbà pé ará Palẹsítínì òde òní ni àwọn Filistini inú Bíbélì. Etí òkun ni àwọn èèyàn Gòláyátì ti wá, wọn kì í ṣe ọmọ Íṣímáẹ́lì rárá; orúkọ ilẹ̀ lásán ló kù, tí àwọn ará Róòmù fi sọ agbègbè náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì. Láàrin ará Palẹsítínì fúnra wọn, Kìrìsìtẹ́nì wà. Àwọn JP wa tó ti dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù á rántí ògiri gíga tí bọ́ọ̀sì wọn gbà kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n bí Jésù sí. Ọdún 2002 ni Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ ògiri yẹn, ó sì dí ọ̀nà mọ́ Kìrìsìtẹ́nì inú ìlú náà gẹ́gẹ́ bó ṣe dí i mọ́ Mùsùlùmí.

Òótọ́ ni pé aáwọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ náà ṣáájú ìṣàkóso ológun tí à ń sọ yìí. Nǹkan bí 700,000 ará Palẹsítínì ló di aláìnílé nígbà ogun ọdún 1948. Ṣùgbọ́n ìṣàkóso ológun ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 1967, Jọ́dánì ló ń ṣàkóso Bèbè Ìwọ̀-Oòrùn odò Jọ́dánì àti ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù, Íjíbítì ló sì ń ṣàkóso Gásà. Láàrin ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 10 oṣù náà, Ísírẹ́lì gba gbogbo wọn, ó gba Sínáì àti Òkè Golan mọ́ ọn. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n bèèrè lọ́wọ́ Theodor Meron, agbẹjọ́rò tó ń gba iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ísírẹ́lì nímọ̀ràn, bóyá ó bófin mu kí wọ́n kó àwọn ará ìlú wọn lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé ó lòdì sí Àdéhùn Jẹ̀nẹ́fà Kẹrin, òfin àgbáyé tó ń dáàbò bo ará ìlú nígbà ogun. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n dá ibùdó atẹ̀dó Kfar Etzion sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí atẹ̀dó àti ará Palẹsítínì bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lórí òkè kan náà, ilé-ẹjọ́ alágbádá Ísírẹ́lì ni atẹ̀dó yóò lọ, ilé-ẹjọ́ ológun sì ni ti ẹnìkejì.

Ẹni tó bá ní irú nǹkan báyìí kò lè dópin, kó wo Sínáì. Moshe Dayan, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò Ísírẹ́lì, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ó sàn kí àwọn ní Sharm el-Sheikh, ìlú etí òkun ní Sínáì, láìsí àlàáfíà ju kí àwọn ní àlàáfíà láìsí Sharm el-Sheikh lọ. Ogun ọdún 1973 tí Íjíbítì àti Síríà gbé ko Ísírẹ́lì ló yí èrò padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, Anwar Sadat, ààrẹ Íjíbítì, lọ sọ̀rọ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ísírẹ́lì ní Jerúsálẹ́mù. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà, kó Sadat àti Menachem Begin, olóòtú ìjọba Ísírẹ́lì, jọ sí Camp David ní Amẹ́ríkà fún ọjọ́ 13, Dayan kan náà sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní oṣù Kẹta ọdún 1979. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Íjíbítì pa Sadat ní ọdún 1981, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 1982 Ísírẹ́lì kó kúrò tán, Ariel Sharon sì ní kí wọ́n wó Yamit, ìlú tí àwọn atẹ̀dó ti kọ́ síbẹ̀. Àdéhùn náà ṣì dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì kò bá lè bá ara wọn gbé, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà gbàgbé ara rẹ̀ ní Sínáì láti ohun tó lé ní 40 ọdún.

Sharon yìí kan náà, nígbà tó di olóòtú ìjọba, ló kó atẹ̀dó tó lé ní 8,000 kúrò ní ibùdó 21 ní Gásà ní ọdún 2005. Àwọn ará Ísírẹ́lì tó ń sọ pé àwọn kúrò, rọ́kẹ́ẹ̀tì sì ni àwọn rí gbà, kò parọ́ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé kò sí àdéhùn kankan pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún, àti pé òfuurufú, òkun àti ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2007 Hamas, ẹgbẹ́ Palẹsítínì tó di ìhámọ́ra, fi ipá gba Gásà, Ísírẹ́lì àti Íjíbítì sì sé e mọ́.

Ohun tó wá dí ọ̀nà gan-an ṣeé kà. Nígbà àdéhùn Oslo láàrin Ísírẹ́lì àti àwọn aṣojú Palẹsítínì ní ọdún 1993, nǹkan bí 110,000 atẹ̀dó ló wà ní Bèbè Ìwọ̀-Oòrùn. Lónìí wọ́n ti lé ní 500,000, láì ka àwọn tó lé ní 200,000 ní ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún ètò ìgbà díẹ̀ Oslo, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ Ísírẹ́lì pátápátá. Ní oṣù Keje ọdún 2024, aṣòfin Ísírẹ́lì 68 dìbò lòdì sí dídá orílẹ̀-èdè Palẹsítínì sílẹ̀, mẹ́sàn-án péré ló sì tako wọn. Ní ìhà kejì, ọdún mẹ́rin ni wọ́n dìbò yan Mahmoud Abbas fún gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Palẹsítínì ní ọdún 2005, wọn kò sì tíì dìbò ààrẹ mìíràn. Nǹkan bí 1,200 èèyàn tí Hamas àti àwọn tó bá wọn lọ pa ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá tí ogun tó tẹ̀ lé e pa ní Gásà, ti jẹ́ kí ó nira fún ẹnikẹ́ni láti gbọ́ ti ẹnìkejì. Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: òpin náà kò sí nítòsí.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague sọ pé wíwà Ísírẹ́lì lórí ilẹ̀ náà kò bófin mu, ó sì gbọ́dọ̀ dópin kíákíá. Ní oṣù Kẹsàn-án, orílẹ̀-èdè 124 ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún un ní oṣù 12 láti kúrò. Oṣù 12 pé, àwọn ọmọ ogun kò kúrò, àwọn kan sì ń fi ilé-ẹjọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbàgbé Nàmíbíà. Ilé-ẹjọ́ yìí kan náà sọ ní ọdún 1971 pé Gúúsù Áfíríkà kò ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, ìjọba Pretoria kọ etí ikún sí i, ó sì di ọdún 1990 kí Nàmíbíà tó gba òmìnira. Láàrin ọdún 19 yẹn, ìdájọ́ nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́: ogun Àǹgólà ń jẹ owó àti ẹ̀mí, ìfìyàjẹni lórí ọrọ̀ ajé ń fún Pretoria lọ́rùn, Amẹ́ríkà àti Soviet sì ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Fún Palẹsítínì, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì ti kà á sí orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Èyí tó kù ni kí jíjókòó lórí ilẹ̀ náà wọ́n Ísírẹ́lì ju kíkúrò níbẹ̀ lọ, Washington tó ń fún un ní ohun ìjà kò sì tíì jẹ́ kó wọ́n ọn.