Ìyá Ṣadé Ò Tíì Gbà

(Maryland, Amẹ́ríkà, oṣù Kejìlá 2016. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Hillary Clinton, tó bá Trump du ipò ààrẹ, ń sọ̀rọ̀ tó fi gbà pé òun fìdí rẹmi. Bàbá Ṣadé, awakọ̀ takisí, ń wá rìmóòtù. Ìyá Ṣadé, nọ́ọ̀sì, ti jókòó lé e.)

BÀBÁ ṢADÉ: Hillary yìí náà lo tún ń wò? Ó lé lóṣù kan tó ti sọ̀rọ̀ yìí!

ÌYÁ ṢADÉ: Ẹ dákẹ́ ná. Ó ti fẹ́ dé ibi tó ti ní ó dun òun, yóò sì dun òun pẹ́. Ibẹ̀ ni omijé mi máa ń já bọ́.

BÀBÁ ṢADÉ: Wọ́n da ẹlòmíràn lulẹ̀, ìwọ lò ń sunkún.

ÌYÁ ṢADÉ: Ta ni ìbò rẹ̀ pọ̀ jù?

BÀBÁ ṢADÉ: Òun ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mílíọ̀nù 3 ju Trump lọ.

ÌYÁ ṢADÉ: Ta ló wọlé?

BÀBÁ ṢADÉ: Trump.

ÌYÁ ṢADÉ: Ta ló wá gbé fóònù, tó ń kí ẹnì kejì kú oríire?

BÀBÁ ṢADÉ: Hillary.

ÌYÁ ṢADÉ: Ẹ̀yin náà ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ.

BÀBÁ ṢADÉ: Aṣojú 538 tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń yan ààrẹ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá borí ló ń kó gbogbo aṣojú ibẹ̀. Ẹni tó bá kó 270 ló wọlé. Ní California, ó fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù 4 na Trump, aṣojú 55 náà ni. Ká ní ìbò ẹyọ kan ló fi nà án, 55 náà ni. Ní Michigan, Wisconsin àti Pennsylvania, gbogbo ohun tí Trump fi jù ú lọ ò tó 80,000, ló bá kó 46 lọ.

ÌYÁ ṢADÉ: Ó sì wọ kóòtù ọlọ́nà àlùkò, ó ní ká gba ọkùnrin náà láàyè kó ṣèjọba! Èmi ni, màá ti gbé pátákó tó fi ń sọ̀rọ̀ yẹn sá lọ.

BÀBÁ ṢADÉ: Ìyẹn ni wọn ò ṣe fà ọ́ kalẹ̀.

ÌYÁ ṢADÉ: Ó tún ní kí àwọn ọmọdébìnrin má ṣiyèméjì pé àwọn níyì, àwọn sì lágbára. Ṣadé gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọ abọ́ mọ́.

BÀBÁ ṢADÉ: Ta wá ni yóò fọ talẹ́ yìí?

ÌYÁ ṢADÉ: Ká dìbò. Ṣadé! Kúnlé! (Àwọn ọmọ sáré wọlé, wọ́n nawọ́.) Mẹ́ta sí ẹyọ kan. Bàbá Ṣadé, ẹ̀yin lẹ máa fọ̀ ọ́.

BÀBÁ ṢADÉ: Ó tì o! Pálọ̀ ni gbogbo yín ti dìbò, aṣojú kan ṣoṣo ni pálọ̀ ní. Èmi ni mo mú yàrá, mo mú gáréèjì, mo mú ìdáná. Mẹ́ta sí ẹyọ kan, mo borí!

ÌYÁ ṢADÉ: (ó dìde, ó gbé rìmóòtù lé e lọ́wọ́) Ọkọ mi, mo gbà. Ẹ kú oríire. Ó dùn mí, yóò sì dùn mí pẹ́. Àmọ́ ṣé ẹ ní ẹ̀yin lẹ mú ìdáná?

BÀBÁ ṢADÉ: Èmi ni!

ÌYÁ ṢADÉ: Ó yá, ẹ lọ ṣèjọba níbẹ̀. Ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì.