Ẹ yéé béèrè amp tó ní gain jù

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ amp gìtá (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde) fún thrash metal (orin rọ́ọ̀kì líle tó ń sáré) bá ti délẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi: "Èwo ló ní gain jù?" Gain ni bí amp ṣe ń ti ohùn gìtá tó, débi tí ohùn náà fi ń fọ́. Èmi ò rí ìwúlò ìbéèrè yẹn. Amp olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá lónìí ní gain ju èyí tí àwọn ọmọ San Francisco ń lò nígbà tí orin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ní nǹkan bí 1982. Ohun tó yẹ ká bi amp ni pé: tí mo bá dá ọwọ́ dúró, ṣé ìwọ náà máa dúró?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní orin ń lọ ní bíìtì 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ọwọ́ ọ̀tún sì ń ta okùn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú bíìtì kọ̀ọ̀kan. Ìdá 75 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni títa kọ̀ọ̀kan ní. Okùn kẹfà, ìyẹn E ìsàlẹ̀, ń gbọ̀n nígbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá pín in, ẹ máa rí i pé ìgbà mẹ́fà lásán ni okùn náà ráyè gbọ̀n kí títa mìíràn tó já lù ú. Slayer, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ thrash, tiẹ̀ máa ń dẹ okùn tiwọn sílẹ̀ díẹ̀, tiwọn ò pé mẹ́fà. Láàárín gbígbọ̀n mẹ́fà yẹn, amp gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó dún, kó sì panu mọ́. Tí bass (ohùn ìsàlẹ̀) rẹ̀ bá ń fà, èyí àkọ́kọ́ ò tíì dákẹ́ tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta fi máa dé, gbogbo ẹ̀ á wá rí bí ẹ̀kọ tí ò dì.

Ẹni tó bá mọ gúdúgúdú á tètè lóye mi. Kékeré ni, awọ rẹ̀ le, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń sáré lórí ẹ̀ tí ìró kọ̀ọ̀kan ṣì ń dá dúró. Gbé irú eré yẹn lọ sórí ìlù tí awọ rẹ̀ ti dẹ̀, ariwo á pọ̀, ṣùgbọ́n o ò ní gbọ́ ohun tí onílù ń sọ. Amp tí awọ rẹ̀ le là ń wá.

Ibi tí màá ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni Marshall 2203. Láti 1975 ló ti wà, àmọ́ 1981 ni wọ́n sọ ọ́ ní JCM800 (wọ́n ní ara nọ́ńbà ọkọ̀ Jim Marshall ni wọ́n ti yọ orúkọ yẹn). Wáàtì 100 ni, tube (ìgò kékeré tó ń fún ohùn lágbára nínú amp) EL34 mẹ́rin ló wà lẹ́yìn, ECC83 mẹ́ta níwájú, chánẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan. Òun ni àwọn onígìtá Slayer fi di Slayer. Àmọ́ tí ẹ bá ki gìtá bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kódà kẹ́ ẹ yí gain rẹ̀ dé 10, ohùn rọ́ọ̀kì lásán lẹ máa gbọ́. Ohun tó ń sọ ọ́ di thrash ni pedal kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó wà níwájú ẹ̀: Tube Screamer, TS9 tàbí ẹ̀dà rẹ̀ èyíkéyìí. Ẹ fi Drive sí 0, Level sí òpin, Tone sí àárín. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gain ni pedal yẹn wá bù kún. Ó ń bù ú kún lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé ó ń gé bass kù nínú ohùn gìtá kó tó wọ amp, ó sì ń ti ohùn àárín, ní sàkáání 720 Hz (gbígbọ̀n 720 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), síwájú. Bass tó bá bá distortion (fífọ́ ohùn tí gain ń fà) pàdé ló ń di ẹrẹ̀. Ẹ gé e kó tó débẹ̀, kẹ́ ẹ wá dá a padà lẹ́yìn tí distortion bá ti ṣe tiẹ̀ tán. Tí ẹ bá lóye gbólóhùn yìí, ẹ ti lóye ìdajì ọ̀rọ̀ amp fún thrash.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé òun náà ló wà nínú Mesa/Boogie Mark IIC+, wọ́n kàn kọ́ ọ mọ́ inú amp ni. Òun ni ẹgbẹ́ Metallica lò ní Copenhagen nígbà tí wọ́n ń gba àwo wọn ti 1986 sílẹ̀. Lára amp yìí, àwọn bọ́tìnì Treble (ohùn òkè), Bass àti Middle (ohùn àárín) wà ṣáájú ibi tí distortion ti ń wáyé. Ẹni tó bá yí Bass sí 6 bí ẹni ń lo Marshall, á ní wọ́n ta amp burúkú fún òun. Ẹ fi Bass sí 1, tàbí kẹ́ ẹ pa á pátápátá. Treble sí 7 tàbí 8, nítorí òun ló ń ti gain wọlé. Middle sí 2. Ohùn náà á kọ́kọ́ tín-ín-rín bíi ti rédíò kékeré; ẹ má bẹ̀rù. Ẹ wá lọ síbi EQ (ibi tí à ń gbé ohùn kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sílẹ̀) olójú márùn-ún tó wà lójú amp náà: 80, 240, 750, 2200, 6600 Hz. EQ yìí wà lẹ́yìn distortion. Ẹ gbé 80 àti 6600 sókè, ẹ fa 750 wálẹ̀, gìtá á sì dà bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Èyí tí wọ́n ṣe láyé ọjọ́un ti di góòlù lọ́jà. Mesa tún un ṣe ní 2024, owó tìyẹn náà ò ṣeé fọwọ́ kó. Ẹ wá sípíkà àti EQ pedal tó dáa ná.

Peavey 5150 ńkọ́? 1992 ló jáde. Àwọn àwo thrash tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí ti wà lórí igbá tipẹ́ kó tó dé. 6505 ni wọ́n ń pè é báyìí. Amp gidi ni, bass rẹ̀ le, gain rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni nílò lọ. Lórí chánẹ́ẹ̀lì Lead, 3 tàbí 4 tó. Ẹ ṣì máa fi Tube Screamer síwájú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa rectifier, ìyẹn ibi tí amp ti ń sọ iná AC di DC. Èyí tó bá jẹ́ tube máa ń rọ̀ díẹ̀ tí èèyàn bá ta okùn gbàgà: iná inú ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á wá padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ó dùn fún blues. Nínú thrash, kó tó padà bọ̀ sípò, ẹ ti ta okùn lẹ́ẹ̀mẹrin mìíràn. Tí amp bá fún yín láyè láti yan, diode (èyí tí kò ní tube) ni kẹ́ ẹ yàn.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí: gígé mid (ohùn àárín) dànù. Ẹni tó bá ń dá ṣeré nínú yàrá á fi Bass sí 8, Mid sí 0, Treble sí 8, orí ẹ̀ á wú. Ó ní ìdí tó fi ń dùn bẹ́ẹ̀. Tí ohùn bá wà nísàlẹ̀, etí èèyàn kì í gbọ́ bass àti treble dáadáa, a máa ń fẹ́ fi kún wọn. Ọjọ́ tó bá wá gbé e dé iwájú onílù, tó yí Master (bọ́tìnì tó ń gbé gbogbo ohùn amp sókè) sókè, etí ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Bass gìtá rẹ̀ ń bá ẹni tó ń ta básì jà, treble rẹ̀ ń bá símbálì jà, àwọn méjèèjì sì ló máa borí ẹ̀. Àyè tó ṣẹ́ kù fún gìtá nínú ẹgbẹ́ ni láti nǹkan bíi 400 Hz dé 2000 Hz, ibẹ̀ gan-an ló sì ti gé dànù. Á wá ní amp òun ò lágbára, òun fẹ́ ra oníwáàtì 100.

Ẹ máa ní, "Metallica ńkọ́, ṣebí àwọn náà gé mid?" Wọ́n gé e, àmọ́ orí àwo ni, níbi tí wọ́n ti ń gba riff (orin gìtá kúkúrú tó ń padà wá) kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, tí ẹni tó ń po orin pọ̀ sì ń wá àyè fún un. Lórí ìtàgé, tí ẹ bá lo JCM800, Mid ò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 5. Èmi á fi sí 6 tàbí 7, Bass sí 4, kí n wá fi Presence, bọ́tìnì ohùn òkè gan-an, jẹ́ kí ohùn náà mú.

Wáàtì wá ńkọ́? Láti 50 bọ́ sí 100, decibel 3 péré ló fi kún un, etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n. Kí amp tó lè dún ní ìlọ́po méjì létí, wáàtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tí wáàtì 100 fi ju 50 lọ gan-an ni pé bass rẹ̀ kì í tètè sú, ìyẹn sì wúlò fún wa. Àmọ́ ẹni tó ń gbé fúláàtì, tó ní aládùúgbò lókè àti nísàlẹ̀, kò sọ́jọ́ tó máa yí Master 2203 kọjá 1. Marshall ní SC20H, JCM800 kan náà ní wáàtì 20 tó ṣeé fà wálẹ̀ sí 5. Ẹ má sì tàn ara yín: wáàtì 5 oní-tube ṣì lè mú kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn.

Sípíkà ni èèyàn máa ń fojú fo, bẹ́ẹ̀ òun ló ń yí ohùn padà ju amp lọ. Celestion Vintage 30 ń ti mid síwájú, ó ń gún etí díẹ̀, àmọ́ kì í sọnù láàárín ìlù. G12T-75 tó máa ń wà nínú àpótí sípíkà Marshall ti gé mid díẹ̀ fúnra rẹ̀, bass rẹ̀ sì wúwo. Tí amp yín bá ti gé mid tẹ́lẹ̀, ẹ má tún fi T-75 sí i. Vintage 30 kan gba wáàtì 60 péré. Ẹ má gbé orí amp (amp tí kò ní sípíkà nínú) oníwáàtì 100 lé àpótí tó ní ẹyọ kan nínú. Kí ẹ̀yìn àpótí náà sì wà ní pípadé. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí máa ń tú bass ká.

Ohm (bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) ńkọ́? Amp oní-tube àti àpótí gbọ́dọ̀ bára mu: 16 pẹ̀lú 16, 8 pẹ̀lú 8. Ẹ má tan amp oní-tube láìsí sípíkà lára ẹ̀ láéláé, tiransifọ́mà ẹ̀yìn rẹ̀ lè jóná. Wáyà tó lọ láti amp sí àpótí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ wáyà sípíkà. Wáyà gìtá jọ ọ́, ẹnu wọn wọlé bákan náà, àmọ́ irin inú rẹ̀ tín-ín-rín jù.

Mi ò sí lára àwọn tó ń fi amp transistor (èyí tí kò ní tube) ṣe yẹ̀yẹ́. Transistor kì í rọ̀ tí wọ́n bá ta okùn gbàgà, ohun tí a sì ń wá nìyẹn. Randall oní-transistor ni Dimebag Darrell, onígìtá ẹgbẹ́ Pantera, ń lò. Orange Super Crush 100 tàbí Peavey Bandit pẹ̀lú pedal tó dáa níwájú á ṣe iṣẹ́ náà. Ti oní-kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà: nígbà tí Metallica lọ ṣeré ní Antarctica ní 2013, Fractal Axe-Fx ni wọ́n gbé lọ, inú hẹ́ẹ̀dífóònù ni àwọn òǹwòran sì ti gbọ́ ọ. Boss Katana 50 ṣeé fà wálẹ̀ sí ìdajì wáàtì kan, ìyẹn sì dáa fún ẹni tó ń ṣeré lóru.

Fún àwa tí à ń ra tòkunbọ̀: igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ wo ẹ̀yìn amp kẹ́ ẹ tó sanwó. 120V ló máa wà lára èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, 230V sì ni iná Nàìjíríà. Tí ẹ bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, tó bá ṣàánú yín, fíùsì nìkan ló máa lọ. Ẹ ra tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 120, kó tó 1000 VA fún amp wáàtì 100. Iná tó lọ sílẹ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀. Tube nílò 6.3 volt láti gbóná. Tí NEPA bá mú 170 wá dípò 230, 4.7 ló máa dé ọ̀dọ̀ tube, amp á wá rọ̀ bí ẹni tí ò jẹun. Ẹ fi stabilizer sí i. Inverter olówó kékeré máa ń kùn sínú gain púpọ̀. Ẹ wá èyí tó jẹ́ pure sine wave.

Kíkùn mú mi rántí noise gate, pedal tó ń pa ariwo lẹ́nu mọ́ nígbà tí okùn bá dákẹ́. Nínú thrash, kò ṣeé yọ sílẹ̀. Tí amp bá ní FX loop (ihò Send àti Return tí à ń so pedal mọ́), gate Boss NS-2 ṣeé so báyìí: gìtá wọ Input, Send lọ sí pedal kó tó wọ amp, Send amp padà wá sí Return, Output lọ sí Return amp. JCM800 ti àtijọ́ ò ní loop, nítorí náà iwájú ni gate máa wà, lẹ́yìn Tube Screamer. Ẹ má yí Threshold (bọ́tìnì tó ń sọ ibi tí gate ti máa pa ohùn) jù. Tó bá ń gé orí nóòtì tí ẹ fẹ́ kó pẹ́, ó ti pọ̀ jù.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ mú gìtá tiyín àti TS9 tiyín dání. Kò gbọdọ̀ sí gate níbẹ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí 5, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bo okùn kẹfà, ẹ ta á lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kíákíá, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú okùn dúró lójijì. Ẹ máa ṣe é lórí Gain 3, 5, 7, kẹ́ ẹ fetí sí ìgbà tí ìró mẹ́jọ bá di ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó bá ń ha ti dọ̀tí. Ẹ fi ìdí pẹ́ńsù onígi gbá àwọn tube kékeré níwájú jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún nínú sípíkà bí agogo ti bàjẹ́. Kò wọ́n láti pààrọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á dín owó yẹn kúrò.